Ariwo Fáànù Balùwẹ̀ Mi

Ariwo tí ẹ gbọ́ lábẹ́ ohùn mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, fáànù balùwẹ̀ mi ni. Mo nu eruku ara rẹ̀, ariwo ò lọ: bearing inú mọ́tò ló ti jẹ. Mo pa á tì, ọ̀rinrin ò ríbi jáde, nǹkan dúdú bá ń hù lára ògiri. Mo ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wọn ihò ara ògiri kí ẹ tó rajà. 100 mm àti 150 mm ló wọ́pọ̀. Ẹ béèrè oní-ball bearing, ó máa ń pẹ́. Ẹ pa iná láti breaker. Ẹ má sọ pé NEPA ṣáà ti mú iná: wọ́n lè mú un dé nígbà tí wáyà wà lọ́wọ́ yín. Oníná ni mo pè fún ti wáyà.

Lónìí, ohùn mi nìkan lẹ ń gbọ́.