Ìwé Alájọ àti Ẹ̀rọ POS: Bí Dátà Ṣe Ń Yí Iṣẹ́ Báǹkì Padà ní Nàìjíríà

Bí èèyàn bá dárúkọ dátà létí akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà wa, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni èyí tí à ń rà sórí fóònù, tó máa ń tán kí oṣù tó parí. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yàtọ̀. Dátà tí mò ń wí ni àkọsílẹ̀ tó máa ń kù sílẹ̀ nígbà tí a bá lo fóònù, káàdì tàbí kọ̀ǹpútà: iye tí a ná, ibi tí a ti ná an, aago tí a ná an, ẹni tí a fi owó ránṣẹ́ sí. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá pọ̀ kọjá ohun tí ìwé àkáǹtì àtijọ́ lè gbà, òun ni wọ́n ń pè ní big data. Ní 2001, Doug Laney, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ìwádìí nípa bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, sọ ohun mẹ́ta tí a fi ń dá a mọ̀: ó pọ̀, ó ń yára wọlé, ó sì jẹ́ oríṣiríṣi.

Kí ni òwò fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alájọ.

Ohun tí alájọ mọ̀

Alájọ tó ń yí ọjà ká lójoojúmọ́ mọ ẹni tó ń dá owó rẹ̀ láìyẹ̀. Ó mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ máa ń yá lásìkò ọdún, ó sì mọ ẹni tó ti ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní kó yá òun lówó, kò ní béèrè ìwé ilẹ̀, nítorí ó ti mọ̀ bóyá onítọ̀hún máa san án. Ìmọ̀ yìí ni agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé ni agbára náà mọ.

Ẹsẹ̀ àwọn báǹkì ńlá dé ibi púpọ̀, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ń gba owó oṣù ló hàn sí wọn kedere. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà lè máa pa owó tó ju ti òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Tó bá lọ yá owó ní báǹkì, wọ́n á ní kó mú onídùúró àti ìwé ilé wá. Owó rẹ̀ ń kọjá lójú wọn, wọn kò rí i.

Àwọn tó rí i

Ní oṣù kejì ọdún 2014, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà àti àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó so gbogbo akáǹtì ẹnì kan pọ̀ mọ́ ìka ọwọ́ àti ojú rẹ̀. Ní 2015, Tosin Eniolorunda àti Felix Ike dá TeamApt sílẹ̀. Software ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe fún àwọn báǹkì. Nígbà tó yá, wọ́n yíjú sí àwọn oníPOS àti oníṣòwò kéékèèké fúnra wọn, ilé-iṣẹ́ náà la sì mọ̀ sí Moniepoint lónìí. Ní 2018, OPay náà dé.

Ẹ wo ẹ̀rọ POS bí ìwé alájọ tó ń kọ ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ki káàdì bọ̀ ọ́ ló ń kọ iye owó, aago, báǹkì tó ni káàdì, àti bóyá owó náà lọ tàbí kò lọ. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń fi èyí ṣe.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀yáwó. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ń pa 40,000 náírà lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ tó ń rí i lè yá a lówó láìbéèrè ìwé ilé, kó sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tó ń wọlé. Èkejì ni jìbìtì. Bí wọ́n bá lo káàdì kan ní Ìbàdàn ní aago mẹ́wàá, tí wọ́n tún lò ó ní Sókótó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kọ̀ǹpútà á dá owó náà dúró, nítorí kò sí bàálù tó yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ọ̀nà kan tí owó ń gbà kọjá bá ń kọṣẹ́, ẹ̀rọ tètè ń rí i, á sì darí owó gba ọ̀nà mìíràn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló fi ìyàtọ̀ náà hàn gbogbo ayé. Owó náírà tuntun ti jáde ní 15 December 2022, àmọ́ kò kárí. Gbogbo èèyàn sáré lọ sórí transfer lẹ́ẹ̀kan náà. Áàpù ọ̀pọ̀ báǹkì kò lè gbé e. Àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè akáǹtì tí alert rẹ̀ máa ń tètè wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ ṣí i lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun.

Ohun tí àwọn báǹkì ṣe

Wọn kò ká ọwọ́ gbera. Wema, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 pẹ̀lú orúkọ Agbonmagbe Bank, ti gbé ALAT jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kí èèyàn lè ṣí akáǹtì lórí fóònù láìdé báǹkì. Ní 2021, GTBank di ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ GTCO, wọ́n sì dá HabariPay sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ sísan owó nìkan.

Ríra ẹ̀rọ ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí. Èyí tó le ni pé dátà báǹkì máa ń fọ́n káàkiri. Ẹ̀ka káàdì ní tirẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀yáwó ní tirẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà náà ní tiwọn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti fẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mẹta fi lè gba ìpè pé kó wá gba káàdì tuntun. Àfi kí wọ́n so àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí pọ̀, kí wọ́n sì fún ẹnì kan láṣẹ láti fi ohun tó rí níbẹ̀ ṣiṣẹ́.

Rírí nìkan kò tó. Steve Sasson, ẹnjiníà Kodak, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ní 1975. Ilé-iṣẹ́ náà rí i, ṣùgbọ́n èrè orí fíìmù kò jẹ́ kí wọ́n tètè yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n lọ sí kóòtù pé àwọn kò lè san gbèsè mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀bẹ

Dátà tó ń ràn wá lọ́wọ́ lè ṣe wá léṣe. Àwọn áàpù ẹ̀yáwó kan máa ń ka gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹni tó yá owó. Tó bá pẹ́ kó tó san án, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ pé olè ni. Ní 2022, àjọ FCCPC gbé òfin jáde fún irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀. Ní 2023, Google kò gba áàpù ẹ̀yáwó láyè mọ́ láti wo nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, Nigeria Data Protection Act di òfin. Òfin yìí fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kan mọ̀ nípa wa, ó sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìpinnu tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é.

Ewu mìíràn wà tí kò pariwo. Ìyá tó ń gba owó lọ́wọ́ lọ́wọ́, tàbí tó ń lo akáǹtì ọmọ rẹ̀, kò sí nínú dátà rárá. Kọ̀ǹpútà á kà á sí ẹni tí kò tà. Bí a kò bá ṣọ́ra, a ó tún ṣe ohun tí báǹkì àtijọ́ ṣe sí aláta Bódìjà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kàwé ní ẹ̀ka yìí ló máa ṣiṣẹ́ nírú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n á bi wá bóyá a mọ Excel, Python àti SQL. Ó dáa ká mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo tábìlì tí wọ́n bá gbé fún wa, ẹ jẹ́ ká béèrè pé: ta ni kò sí níbí? Bí alájọ bá ṣì wá kà, a lè lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ ká bá a ṣàlàyé. Ẹni tí kọ̀ǹpútà bá ṣì kà náà gbọ́dọ̀ rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwa ni wọ́n máa gbé ìjókòó yẹn fún.