Dókítà Kọ Ọ́, Dókítà Tà Á

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni nílùú wa, ibi tí wọ́n ti yẹ èèyàn wò náà ni wọ́n ti ń ta oògùn fún un. Nọ́ọ̀sì á ka hóró funfun mẹ́wàá sínú ọ̀rá kékeré, á fi bírò kọ "1×3" sí i lára, a ó sanwó, ó parí. Orúkọ oògùn kì í sábà sí lára ọ̀rá náà.

Dókítà tó ń kọ oògùn, tó sì tún ń fúnni ní oògùn náà, wà ní England náà. NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, gbà kí dókítà abúlé máa fúnra rẹ̀ fún aláìsàn lóògùn bí ilé aláìsàn bá jìnnà sí kẹ́mísì ju kìlómítà 1.6 lọ. Ìjọba ló máa sanwó oògùn náà fún un, àmọ́ kó tó gbowó, ìwé oògùn tó kọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣírò owó náà, NHS Business Services Authority. Lóṣooṣù ni àjọ náà ń gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta: ilé ìwòsàn báyìí kọ oògùn báyìí, iye báyìí, owó rẹ̀ jẹ́ báyìí. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Harold Shipman ń ṣe dókítà nílùú Hyde, nítòsí Manchester. Á kọ diamorphine, oògùn apàrora líle, lórúkọ aláìsàn. Òun náà á rìn lọ sí kẹ́mísì lọ gbà á, á sì kó lára rẹ̀ pamọ́. Lóṣù kìíní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú aláìsàn 15. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Janet Smith darí wá rí i pé ó kéré tán, 215 ló pa. Bẹ́ẹ̀, láti 1976 ni ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ayédèrú ìwé oògùn, tí wọ́n sì jẹ́ kó máa báṣẹ́ lọ!

Àwọn tó ń sanwó oògùn kò rí i mú. Owó ni wọ́n ń ṣírò nígbà yẹn, wọn kò wo ọwọ́ tó ń gba oògùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin yí padà. Tí èèyàn bá wá gba oògùn líle bíi diamorphine báyìí, apòògùn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá aláìsàn ni, aṣojú rẹ̀ ni, tàbí òṣìṣẹ́ ìlera. Ìwé oògùn rẹ̀ kò sì ṣeé lò lẹ́yìn ọjọ́ 28.

Ní tiwa, àpò ara wa ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sanwó oògùn, nítorí náà kò sí ọ́fíìsì kankan tó ń ka ìwé oògùn wa lẹ́yìn dókítà. Àwa fúnra wa ni ọ́fíìsì ọ̀hún. Bí nọ́ọ̀sì bá na ọ̀rá sí yín lọ́la, ẹ ní kó kọ orúkọ oògùn sí i lára kí ẹ tó sanwó.