Ìtàn ọmọ onírun funfun



Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìtàn ọmọ tó ní agbára àràmàǹdà. Ọ̀kan jáde ní ọdún 2018. Orúkọ ìwé náà ni Children of Blood and Bone. Tomi Adeyemi ló kọ ọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí.

Nínú ìtàn yìí, irun àwọn ọmọ kan funfun. Àmì agbára ni. Ọba bẹ̀rù agbára náà, ó pa àwọn àgbà tó ní in. Báyìí ni wọ́n ṣe pa ìyá Zélie. Zélie sì dàgbà nínú ẹ̀gàn. Ọ̀dọ̀ Ọya, òrìṣà tí àwa náà mọ̀, ni agbára tirẹ̀ ti wá.

Àlọ́ ni o. Ṣùgbọ́n Tomi sọ pé ikú àwọn ènìyàn dúdú tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà ló mú òun kọ ọ́. Ìbẹ̀rù máa ń pa aláìṣẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Bí àìsàn bá wọlé, tí a ní ọmọ kékeré ló fà á, àwa náà ti di ọba yẹn. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má pe ọmọ ní àjẹ́. Ọmọ tó yàtọ̀, ọmọ wa ni.