Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Ẹ̀dọ̀: Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Nínú Àwòrán Inú Ara

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí dá lórí ẹ̀dọ̀, èyí tí a ń pè ní kabid ní èdè Lárúbáwá, àti lórí ọ̀nà tuntun tí àwọn onímọ̀ ń gbà fi kọ̀ǹpútà wo ohun tí ń bà á jẹ́.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ nìyí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kéwú láti kékeré. Olùkọ́ ni òun náà, kò sì fi ẹnu kan ọtí rí. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 44, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ mọ́. A ní ibà ni. Nígbà tó yá, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè. A ní ibà pọ́njú ni, a sì ń se àgbo fún un. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ wú ni a tó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé jẹjẹrẹ ti gba apá púpọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kò lò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ó fi kú. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀, pé bóyá ó ń mutí ní ìkọ̀kọ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn ọlọ́tí ni àrùn ẹ̀dọ̀ ń pa. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí. Àìmọ̀ ló fà á, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ lé lọ.

KÍ NI Ń BA Ẹ̀DỌ̀ JẸ́?

Ẹ̀dọ̀ wà lápá ọ̀tún ikùn lókè, lábẹ́ egungun ìhà. Nínú àgbàlagbà, ó tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Òun ni ń ṣe oje tí ń bá wa lọ ọ̀rá inú oúnjẹ, òun ni ń tọ́jú ṣúgà ara pamọ́, òun ni ń ṣe ohun tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́, òun náà ni ń pa oró inú ẹ̀jẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ọ̀rá àpọ̀jù àti àtọ̀gbẹ ń bà á jẹ́. Ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu ní oró kan tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní ilẹ̀ wa, olórí rẹ̀ ni kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítìsì B àti C. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni ó ní irú B lára, mílíọ̀nù 50 sì ní irú C. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tó ru nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹrù náà. Ìyá lè fi irú B ran ọmọ nígbà ìbí. Abẹ tí wọ́n fi fá orí ẹni kan tí wọ́n tún fi fá ti ẹlòmíràn lè fi ran ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò àti ìbálòpọ̀. Jíjẹun pọ̀ nínú àwo kan náà kì í ràn án.

Àrùn yìí kì í pariwo. Ó lè wà lára ènìyàn fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìrora kankan. Ní gbogbo àkókò yìí, ọgbẹ́ ń wáyé nínú ẹ̀dọ̀, ó ń jinná, ó ń di àpá. Nígbà tí àpá bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ á le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀:

1. Omi á kún inú ikùn, ikùn á wú.
2. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà kọjá á padà sínú iṣan ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn iṣan náà á wú, wọ́n sì lè bẹ́, kí aláìsàn máa bì ẹ̀jẹ̀.
3. Oró tí ẹ̀dọ̀ kò lè pa mọ́ á gòkè lọ sí ọpọlọ, aláìsàn á máa sọ ìsọkúsọ tàbí kí ó máa sùn ṣáá.
4. Jẹjẹrẹ lè hù nínú ẹ̀dọ̀. Ti hẹpatáítìsì B tilẹ̀ lè dé kí àpá tó gba ẹ̀dọ̀ kan.

BÍ A ṢE Ń RÍ INÚ ARA LÁÌLÀ Á

Ní ọdún 1895, Wilhelm Röntgen ní Jámánì ṣàwárí ìtànṣán ẹ́ksíréè. Ní ọdún 1971, wọ́n fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán orí aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ CT ń yí ara ká, ó sì ń ya inú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá gé búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́. Skáànì tí a fi ń wo aboyún kì í lo ìtànṣán. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ó ń rán wọ inú ara, gbohùngbohùn rẹ̀ ni ó sì fi ń ya àwòrán. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tí ń ti ẹ̀dọ̀ díẹ̀ láti ìta, tí ó sì ń wọn bí ìgbì náà ṣe yára tó nínú rẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe le tó ni ìgbì ṣe ń yára tó.

Ọ̀nà tí dókítà ń gbà mọ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nínú CT yẹ kí a mọ̀. Ẹ̀dọ̀ ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ iṣan ńlá tó ti ìfun bọ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ń fa tirẹ̀ láti inú iṣan tó ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá. Bí wọ́n bá fi aró sínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kókó jẹjẹrẹ á kọ́kọ́ tàn ju ara ẹ̀dọ̀ yòókù lọ, kí ẹ̀dọ̀ tó gba tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá wá ń tàn, kókó náà á ti ṣókùnkùn. Dókítà ní láti wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán fún aláìsàn kan ṣoṣo kí ó tó rí kókó tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ojú a máa rẹ ènìyàn.

BÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ṢE Ń KỌ́ ÀWÒRÁN KÍKÀ

Ibí ni ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí wọ́n ń pè ní AI, ti wọlé. Ìṣirò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà algorithm, tí wọ́n ń lò fún ìlànà ìṣirò kọ̀ǹpútà, láti inú orúkọ Muhammad bin Musa al-Khwarizmi ni wọ́n ti fà á yọ, ọ̀mọ̀wé tó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé igba sẹ́yìn.

Ẹ rántí bí ọmọ kékeré ṣe ń kọ́ alífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá lórí wàláà. Ojú kan náà ni bá'u, tá'u àti thá'u ní. Ibi tí àmì tó tò sí wà, àti iye rẹ̀, ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Ọmọ á kà á, á ṣìnà, olùkọ́ á tún un ṣe, títí ojú rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Àwọn dókítà á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán fún kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ìlà yí kókó tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n á ní, “Ibí ni.” Kọ̀ǹpútà á dáhùn, á ṣìnà, á tún ìṣirò inú rẹ̀ ṣe, títí àṣìṣe rẹ̀ á fi dín kù. Ní ọdún 2012, ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Toronto ní Kánádà kọ́ báyìí borí nínú ìdíje ńlá kan lórí dídá àwòrán mọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà yìí ti wọ ilé ìwòsàn.

Ní ti ẹ̀dọ̀, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe nìyí. Ó ń fi ìlà yí ẹ̀dọ̀ ká, ó sì ń wọn bí ó ṣe tóbi tó, kí a lè mọ̀ bóyá ó ń sún kì. Ó ń tọ́ka sí kókó tó fura sí, kí dókítà lè tún un wò. Ó ń fojú díwọ̀n bí àpá ṣe pọ̀ tó láìgé ẹran ẹ̀dọ̀ lọ yẹ̀ wò. Wọ́n sì ń dán an wò láti mọ ẹni tí iṣan ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ bẹ́, kí wọ́n lè tètè bójú tó o.

IBI TÍ Ó TI LÈ ṢÌNÀ

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ kì í ṣìnà. Ní ọdún 2017, wọ́n ṣe ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní LiTS. Àwòrán CT 201 ni wọ́n kó jọ: 131 fún ẹ̀kọ́, 70 fún ìdánwò. Àwọn ẹ̀rọ náà mọ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ yà dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan kókó inú rẹ̀, àṣìṣe pọ̀, pàápàá lórí àwọn tó kéré.

Níbo ni wọ́n ti rí àwòrán náà? Ilé ìwòsàn ní Jámánì, Netherlands, Kánádà, Faransé àti Ísírẹ́lì ni. Kò sí ti Áfíríkà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé-kéwú ṣàlàyé ewu rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Íjíbítì, fá'u ní àmì tó kan lórí, káfù sì ní méjì. Nínú ìkọ̀wé àwọn ará Màgíríbù, ìsàlẹ̀ ni àmì fá'u wà, káfù sì ní ẹyọ kan ṣoṣo lórí. Ọmọ tó kọ́ ti Íjíbítì nìkan á rí káfù àwọn ará Màgíríbù, á sì pè é ní fá'u láìṣiyèméjì. Kì í ṣe òpè, kò tíì rí irú rẹ̀ rí ni. Ní ilẹ̀ wa, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń mú ọ̀pọ̀ tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, skáànì wa sì yàtọ̀ sí tiwọn. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a bá fẹ́ gbọ́kàn lé níbí gbọ́dọ̀ kọ́ àwòrán ibí, kí a sì dán an wò níbí. Dókítà ni yóò sì sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, nítorí òun ni a lè bi léèrè.

OHUN TÓ KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Àṣìṣe tó tóbi jù kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Bí ọgbọ́n rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó, kò lè rí ẹni tí kò wá síwájú rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Bí wọ́n bá rí kókó nígbà tó ṣì kéré, wọ́n lè gé e tàbí kí wọ́n jó o. Nítorí náà:

1. Kí gbogbo àgbàlagbà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ hẹpatáítìsì B àti C. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà.
2. Kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí wákàtí 24 tó pé. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ yìí sínú àjẹsára ọmọdé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí ṣáájú kò gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ní àrùn náà ṣì lè gbà á.
3. Kí ẹni tó bá ní in má bara jẹ́. Oògùn ń wo irú C sàn, ó sì ń tẹ irú B mọ́lẹ̀.
4. Kí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti lápá, tàbí ẹni tí dókítà bá sọ fún, máa ya skáànì ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko.
5. Kí a da ẹ̀pà tó bu nù. Ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó dára.

Lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ mi kú, a bẹ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní irú B, kò sì mọ̀. Ó ń lo oògùn báyìí, ó sì ń ya skáànì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Èyí tó yà gbẹ̀yìn mọ́ tónítóní. Ìyàwó olóògbé ló máa ń rán an létí ọjọ́ tó yẹ kó lọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹni tó lọ sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó sì fún àwa tó kù ní ìmọ̀ tí a ó lò kó tó pẹ́ jù.