Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé lè má lè ṣe ìpinnu?

Antonio Damasio, dókítà ọpọlọ tí wọ́n bí ní Pọ́túgàl, kọ nípa ọkùnrin kan tó pè ní Elliot nínú ìwé tó gbé jáde ní 1994. Amẹ́ríkà ló ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin náà láti yọ kókó kan nínú agbárí rẹ̀, apá iwájú ọpọlọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán an wò, ìrántí rẹ̀ dá ṣáká, làákàyè rẹ̀ pé. Ìmọ̀lára rẹ̀ ló kú. Wọ́n fi àwòrán ilé tó ń jóná àti ti àwọn tí omi fẹ́ gbé lọ hàn án. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tó ń bà á nínú jẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Níbi iṣẹ́, ó lè fi odidi ọ̀sán ro bí yóò ṣe to ìwé. Ẹ wo ìyà! Iṣẹ́ bọ́, owó run, ìgbéyàwó tú. Ọ̀rọ̀ Elliot bá ohun tí David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Scotland, ti kọ ní 1739 mu, pé ìrònú nìkan kò lè sún ènìyàn ṣe ohunkóhun.