Bí Ojú Kan Bá Ṣókùnkùn Lójijì, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Yẹ Ọrùn Wò



Bí àgbàlagbà bá wọ ilé oògùn tó ní, “Alájì, ẹ fún mi ní oògùn ojú, ojú ọ̀tún mi ṣú lánàá bí ẹni fa kọ́tìnnì bò ó, àmọ́ ó ti là,” oògùn ojú kọ́ ló nílò. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì gba iwájú ọrùn wa kọjá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Carotid ni àwọn dókítà ń pè é. Òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì ń bọ́ ojú. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti ọ̀rá àpọ̀jù máa ń jẹ́ kí ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Bí ẹ̀rún ìdọ̀tí yìí bá já lọ sí ojú, ojú á ṣókùnkùn láìdun ẹni. Bó bá là láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìkìlọ̀ ni: rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá là, wákàtí díẹ̀ péré ló kù kí ojú náà tó bàjẹ́ pátápátá.

Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ láti kó ìdọ̀tí ọrùn yìí kúrò. Ó ń dènà rọpárọsẹ̀, àmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ lè dínkù lọ sí ojú, tàbí kí ẹ̀rún já lọ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa nígbà tó jí, kó sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé:
- Ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan, lẹ́yìn náà èkejì, kí ẹ mọ èyí tó ṣú. Ẹ kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀.
- Lọ́jọ́ náà gan-an, yálà Ọ̀kà lẹ wà tàbí Ìkàrẹ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sí Ọ̀wọ̀, ẹ má sùn kí ẹ tó lọ.
- Ẹ má fúnra yín lo aspirin. Bí iṣan bá ti bẹ́ nínú ọpọlọ, ó lè pa ènìyàn lára.
- Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí ara yá. Bí Ramadan bá dé, ẹ béèrè àkókò tí ẹ ó máa lò ó lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ànábì wa kọ́ wa láti wá ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ojú wa. Àmín.