Ṣé O Mọ̀? Enugu Gba Àṣẹ Iná, Àmọ́ Ta Ló Ń Pèsè Iná Ọ̀hún?

Ṣé o mọ̀ pé èédú Enugu ló bí ìlú Port Harcourt? Ní 1909 ni àwọn òyìnbó tó ń wá àlùmọ́ọ́nì kiri rí èédú nínú òkè Udi. Wọn ò rí èbúté tí wọn yóò gbé e gbà, ni wọ́n bá dá tuntun sílẹ̀ ní gúúsù, wọ́n sì la ojú irin lọ síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èédú lọ sí Èkó, tí wọ́n ń fi dáná ní ibùdó amúnáwá Ìjọra. Gílóòbù tó tàn ní Èkó nígbà ayé àwọn bàbá wa, òógùn awakùsà Enugu wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn náà ta sílẹ̀: ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, lórí ìjà owó iṣẹ́.

Enugu náà ní ibùdó amúnáwá tó ń jó èédú rí, ní Oji River. Ó ti kú tipẹ́, bẹ́ẹ̀ kíkọ́ òmíràn nìkan kò lè tó nígbà yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa ti 1999, kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2023, ìpínlẹ̀ lè kọ́ ibùdó amúnáwá, ṣùgbọ́n kìkì ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò dé ló ti lè pín iná náà fún aráàlú? Ẹ gbọ́ nǹkan! Gómìnà lè tanná sí abúlé inú igbó, kó má sì lè fọwọ́ kan òpó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọba. Oṣù kẹta 2023 ni Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tó yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin iná mànàmáná tuntun. Tinubu yìí kan náà ni gómìnà Èkó ní 1999, nígbà tí Èkó bá ilé iṣẹ́ Enron ti Amẹ́ríkà ṣàdéhùn ọkọ̀ ojú omi amúnáwá, tí Àbújá sì dá sí i. Ẹni tó jẹ ìyà ọ̀rọ̀ náà ló wá fọwọ́ sí òfin tuntun.

Enugu ò fi falẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 ni Gómìnà Peter Mbah fọwọ́ sí òfin iná ìpínlẹ̀ náà, tó gbé àjọ tí yóò máa mójú tó o kalẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iná ní Àbújá, ti kó àṣẹ lé àjọ tuntun náà lọ́wọ́. EEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún ìpínlẹ̀ márààrún ìlà oòrùn gúúsù nígbà náà, ní láti gé ti Enugu sọ́tọ̀, ó sì sọ ọ́ ní MainPower.

Ṣé o mọ̀ pé àjọ Enugu yìí dín owó iná kù? Ní oṣù kẹrin 2024, NERC gbé yúníìtì kan fún àwọn Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lójúmọ́, láti náírà 68 lọ sí 225 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó padà rọ̀ díẹ̀ sí nǹkan bí 209. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2025, àjọ Enugu ní nǹkan bí náírà 160 ni kí àwọn Band A ní Enugu máa san. Ti àwọn tó kù kò yí padà.

Ni ariwo bá sọ. MainPower ní àdánù ni yóò kó òun sí. NERC ní Enugu kò láṣẹ lórí iná tó ń bọ̀ láti gíríìdì orílẹ̀-èdè, àti pé ìpínlẹ̀ tó bá dín owó kù débi tí kò fi pé mọ́, òun ni yóò dí àlàfo náà. Èmi ò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ já NERC nírọ́ lórí èyí, torí lára owó tí wọ́n ń san fún àwọn tó ń pèsè iná ni ìjọba àpapọ̀ ń bá wọn gbé. Àṣẹ owó ti wà ní Enugu. Iná fúnra rẹ̀ ṣì ń ti òde wá.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí Enugu wo Aba, ní ìpínlẹ̀ Abia. Bart Nnaji, ọmọ ìpínlẹ̀ Enugu tó ti jẹ mínísítà iná rí, ló dá Geometric Power sílẹ̀. Ní oṣù kejì 2024 ni wọ́n ṣí ibùdó rẹ̀, tó ń fi gáàsì pèsè iná fún Aba àti àwọn àgbègbè tó yí i ká, tó sì ní wáyà tirẹ̀. Gáàsì ló ń jó, kì í ṣe èédú.

Ṣé o mọ̀ pé Èkìtì àti Oǹdó gba àṣẹ tiwọn ní 2024 bákan náà? Láti Benin ni ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wọn ti ń ṣàkóso wọn tẹ́lẹ̀, lábẹ́ ìlànà Àbújá. Ẹni tí bíìlì bá ń dùn ní Àkúrẹ́ báyìí, kì í ṣe Àbújá ni yóò kọ lẹ́tà sí mọ́.